Ìkòkò Tó Pa Iná Ara Rẹ̀

Fort Davis, ní Texas. Aago méjì òru.
Òkè yìí ga, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ, ètè ń là.
Gbogbo ìlú ti dojú iná wọn kọlẹ̀ nítorí tiwa
kí òkùnkùn lè ráyè ṣú.
Marisela gbé ẹ̀wà kaná ní ìsàlẹ̀,
ó ní kí n máa bá òun wò ó.
Mi ò wò ó.
Ojú mi wà lára kúésà kan
tí kò lórúkọ, àfi nọ́ńbà bíi ti ẹlẹ́wọ̀n.

Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti wà lọ́nà láti bí ọdún bílíọ̀nù mẹ́wàá.
Nígbà tó gbéra, kò sí ayé, kò sí oòrùn,
kò tíì sí ẹni tí yóò pe ìyá ẹlòmíràn ní àjẹ́.
Ó dé lálẹ́ yìí, ó bọ́ sínú awò wa,
a tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí òṣùmàrè:
pupa lọ́tùn-ún, búlúù lósì,
ibì kan sì wà níbẹ̀ tó jìn wọlé,
bí àlàfo eyín tó ká
lẹ́nu ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.
Kòtò yẹn ni gáàsì.
Kòtò yẹn ni ìjì tó dojú kọ wá,
ẹgbẹ̀rún méjìlá kìlómítà kí o tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.

Ihò dúdú kan ló jókòó láàárín agbo ìràwọ̀ náà, ó ń jẹun.
Ta ni yóò jẹun tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní gùfẹ̀?
Bó ti ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń gbóná,
bó ti ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ló ń tàn,
títí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi bo ilé tó ń gbé mọ́lẹ̀.
Ìmọ́lẹ̀ náà a sì máa ti nǹkan.
Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìmọ́lẹ̀ a máa ti nǹkan.
Ó ti gáàsì, gáàsì ti gáàsì,
títí èyí tí à bá fi mọ ìràwọ̀ tuntun
fi gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ní Alief, ní Houston,
bàbá mi a máa tàn.
Dókítà ni. Gbogbo ìjọ ló mọ ohùn rẹ̀.
Tó bá ti wọlé, a ò rí ìyá mi mọ́.
Kì í ṣe pé ó jáde. Ó wà níbẹ̀, níwájú wa,
ìmọ́lẹ̀ ọkọ rẹ̀ ni kò jẹ́ ká rí i.
Oúnjẹ kún tábìlì. Àga márùn-ún.
Ó ń jẹ, ó ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ń ga.
Túbọ̀sún ló kọ́kọ́ dìde, ó gba Saskatoon lọ.
Àbúrò wa wọṣẹ́ ológun.
Èmi gun òkè yìí, mo ní mò ń wá ìràwọ̀.

Òórùn gáàsì ló gbé mi dìde,
gáàsì ìdáná o, kì í ṣe ti ọ̀run.
Mo sáré sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀wà ti hó dànù,
omi rẹ̀ ti pa iná tó ń sè é,
ìkòkò jókòó sínú ìfófòó ara rẹ̀, ó dákẹ́.
Mo yí gáàsì pa. Mo ṣí fèrèsé.
Marisela dé, ó wo ìkòkò, ó wò mí,
ó ní, "Bí kúésà ṣe ń kú nìyẹn."
Mo bi í bóyá gáàsì tó ti jáde lè padà.
Ó ní ó kù sí bó ṣe yára tó.
Èyí tó yára jù kò ní bojú wẹ̀yìn,
yóò máa rìn láàárín agbo kan sí òmíràn,
níbi tí kò sílé.
Ṣùgbọ́n èyí tó rọra lọ, yóò tutù,
yóò wúwo, yóò rántí ọ̀nà.
"Nígbà náà, ihò yẹn á ti dákẹ́."

A tún dáná. Ẹ̀wà náà lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, ó jóná díẹ̀.
A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní Houston, ojúmọ́ máa ń ṣáájú tiwa.
Bàbá mi ti pé ọgọ́rin, etí rẹ̀ ti di,
ohùn rẹ̀ kò kọjá yàrá mọ́.
Mo wo fóònù. Mo wo kòtò inú òṣùmàrè náà.
Mò ń ṣírò bí mo ṣe yára tó.